Òkun Kì í Hó Ruru Kí A Wà Á Ruru: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ní Ọkọ̀ Wíwà

Àwọn àgbà a máa wí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni fún ẹni tí ń wa ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sì ni fún ẹni tí ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà. Ní Amẹ́ríkà àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó ń pe àwọn ọmọ tí kò fọwọ́ kan àjẹ̀ rí láti wá kọ́ eré yìí ní ìgbà tí ìdíje kò sí. Wọn kò fi dandan lé e. Ẹni tí ó bá wù ni kí ó wá. Àwọn kan yìn wọ́n fún un, àwọn kan ní ìfàkókòṣòfò ni, àwọn mìíràn sì ń fi ojú ìfura wò ó. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni àwa pàápàá wá kọ́ níhìn-ín, ó tọ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò fínnífínní, kí a sì sọ ibi tí a dúró sí.

Ibi tí a dúró sí nìyí. Ìgbà tí ìdíje kò sí ni ó dára jù lọ láti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọ; ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn náà jẹ́ èyí tí ọmọ lè bá wọlé, tí ó sì lè bá jáde láìjẹ ìyà kan. Bí a bá pe nǹkan ní ohun àfínnúfíndọ̀ṣe, tí a sì ń fi ọgbọ́n jẹ ẹni tí kò ṣe é níyà, irọ́ ni a ń pa fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olùkọ́ tí ó lè pẹ́ nídìí irọ́ kí ọmọ má mọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé gbogbo ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọkọ̀ náà ti rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé etí ọ̀sà ní Èkó, ní Ẹ̀pẹ́, tàbí láàrin àwọn Ìlàjẹ, mọ bí a ti ń wa ọkọ̀ níbẹ̀. Atukọ̀ kọjú sí ibi tí ó ń lọ, ó di àjẹ̀ rẹ̀ mú, kò sì sí ohun tí ó so àjẹ̀ náà mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí yàtọ̀ pátápátá. Àwọn tí ń wà á kọ ẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ. Irin ni a fi gbá àjẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìjókòó wọn ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké lábẹ́ tí ń mú un yọ̀ síwájú sẹ́yìn. A sì de ẹsẹ̀ wọn mọ́ pátákó. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60, síbẹ̀ kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹnì kẹsàn-án, tí ó máa ń jẹ́ ẹni kékeré, ni ó ń tọ́ ọkọ̀, òun nìkan ṣoṣo ni ó sì ń wo iwájú. Àwọn mẹ́jọ ìyókù kò rí ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó síwájú wọn ni wọ́n ń wò, ohùn ẹni tí ń tọ́ ọkọ̀ ni wọ́n sì ń gbọ́.

Bí ẹni tí ó dúró ní etí odò bá rò pé apá ni a fi ń wà á, kò rí i dáradára. Ẹsẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Atukọ̀ a ká eékún, a na apá, a ti àjẹ̀ bọ omi. Nígbà náà ni yóò fi ẹsẹ̀ ti pátákó, tí ìjókòó rẹ̀ yóò yọ̀ lọ, tí ẹ̀yìn yóò tẹ̀lé e, tí apá yóò sì fa ọwọ́ àjẹ̀ wá sí àyà níkẹyìn. Bí ó bá ń padà bọ̀, apá ni ó kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó gbọdọ̀ ṣe èyí pọ̀ bí ẹni pé ara kan ni wọ́n. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá pẹ́ kí ó tó yọ àjẹ̀ rẹ̀, omi lè gbá àjẹ̀ náà mú, kí ọwọ́ rẹ̀ sì padà gbá a ní àyà, àní kí ó gbé e sọ sínú odò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú akàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yóò sọ fún ọ pé akàn ni ó mú òun.

Ǹjẹ́ irú iṣẹ́ báyìí ni a ó máa kọ́ ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ ìdíje? Ní apá àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìgbà ìrúwé ni ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ máa ń gbóná. Ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ń péjọ sí odò Schuylkill ní ìlú Philadelphia fún ìdíje Stotesbury Cup, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1927. Ní ìgbà ìwọ́wé, eré gígùn ni wọ́n máa ń sá. Ọ̀kan nínú àwọn olókìkí ni Head of the Charles ní ìlú Boston, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965, tí ọ̀nà rẹ̀ sì tó nǹkan bí máìlì mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí òtútù a dé, omi a le bí òkúta ní ibi púpọ̀, a ó sì gbé ọkọ̀ wọ ilé. Àkókò tí ilẹ̀ tutù tí ariwo sì rọlẹ̀ yìí ni à ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní àkókò náà, inú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, lórí ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Concept2 ní ìpínlẹ̀ Vermont bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1981. Irin gígùn kan ni, tí ìjókòó ń yọ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí a ń fà àti kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ tí ń yí nínú atẹ́gùn. Bí ọmọ bá rọra fà á, ẹ̀rọ náà yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ó bá fà á tagbáratagbára, atẹ́gùn yóò le sí i. Nípa báyìí, ọmọ tí ó ṣígbọnlẹ̀ àti ọmọ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí olúkúlùkù sì bá agbára ti ara rẹ̀ jà. Olùkọ́ lè dá ọmọ dúró ní àárín iṣẹ́, kí ó fi ọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó ní kí ó tún un ṣe ní ìgbà ogún. Kò sí ọkọ̀ tí yóò dà, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò pàdánù nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin ará, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ tí ó bá ń ṣe àṣìṣe níbi tí àṣìṣe kò ti pa ẹnikẹ́ni lára yóò béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó bá ń ṣe àṣìṣe níwájú àwọn tí ń lérí láti borí yóò kọ́ bí a ti ń fi àìmọ̀ pamọ́.

Ìdí kejì tí a fi gbà pé ó dára ni pé ó ń fọ́ ògiri àtijọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni eré yìí wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1829 ni Oxford àti Cambridge kọ́kọ́ bá ara wọn díje, ọdún 1839 ni ìdíje ńlá ti Henley sì bẹ̀rẹ̀ lórí odò Thames. Ní ọdún 1879, àwọn aláṣẹ Henley ṣe òfin tí kò jẹ́ kí oníṣẹ́-ọwọ́ tàbí alágbàṣe díje níbẹ̀. Àfi ìgbà tí ó di ọdún 1937 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ẹ ro èyí wò: ẹni tí ó ń fi apá rẹ̀ jẹun ni a lé kúrò nínú eré tí a fi apá àti ẹsẹ̀ ṣe! Òfin náà ti lọ, ṣùgbọ́n ògiri kì í wó lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ ìdíje wọ́n gan-an, ilé tí a ń kó o sí wọ́n, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sì wà á rí kò ní mọ̀ pé òun lè béèrè. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ ohun tí kò rí rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó wá gbọdọ̀ gbé e lọ sí iwájú rẹ̀.

Èyí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Chicago ní ìparí àwọn ọdún 1990. A gbé ọkọ̀ ìdíje kan wọ yàrá ìjẹun ilé-ẹ̀kọ́ girama Manley, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ní àdúgbò tí òṣì àti ìbọn ti ń da àwọn ènìyàn láàmú. A fi písà ọ̀fẹ́ pe àwọn ọmọ láti wá gbọ́ ohun tí ó jẹ́. Ẹ má ṣe fi olùkọ́ tí ó fi oúnjẹ pe ọmọ rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò mọ odò wẹ̀. Láti inú wọn ni ẹgbẹ́ kan ti jáde, tí a mọ̀ sí ẹgbẹ́ ọkọ̀ wíwà ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀. Arshay Cooper, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kọ ìwé nípa rẹ̀, a sì ṣe sinimá rẹ̀ ní ọdún 2020. Kì í ṣe nítorí àmì-ẹ̀yẹ ni a fi ń rántí ẹgbẹ́ náà. Nítorí àwọn ọmọkùnrin tí ó ti inú ìjà àdúgbò jáde wá jókòó sínú ọkọ̀ kan náà ni.

Ẹ tún wo Anita DeFrantz. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó lọ kò fi irú eré báyìí hàn án. Ìgbà tí ó dé Connecticut College ni ó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ìdíje, ní ọdún 1971. Ní ọdún 1976, nígbà tí a kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láàyè láti wa ọkọ̀ ní ìdíje Olíńpíìkì, ní Montreal, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ọdún márùn-ún péré! Chierika Ukogu ní tirẹ̀, ọmọ àwọn òbí tí ó ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, rí i kọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ní agbègbè Philadelphia. Òun ni ó sì kọ́kọ́ wa ọkọ̀ fún Nàìjíríà ní ìdíje Olíńpíìkì, ní Rio de Janeiro ní ọdún 2016. A kò sọ èyí láti wí pé gbogbo ọmọ tí ó bá jókòó sórí ẹ̀rọ yóò di olókìkí. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé eré yìí kò béèrè pé kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ọmọ ọdún 15 kò tíì pẹ́. Ohun tí ó lè mú un pẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má pè é.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àwọn tí kò gbà. Àwọn kan wí pé ohun tí a kò bá fi dandan lé, ọ̀lẹ ni ó ń bí. Pé ọmọ yóò wá lónìí nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, kò sì ní wá lọ́la nítorí pé òjò dídì rọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan kò ní padà wá. Ṣùgbọ́n a bi wọ́n léèrè: ṣé ìpàdánù ni èyí ni? Ọmọ tí ó wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ó sì rí i pé òun kò fẹ́ ẹ ti mọ ohun kan nípa ara rẹ̀, kò sì gba àyè ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá padà wá ní òwúrọ̀ òtútù láìsí ẹni tí ó lé e ti fi ohun tí kò sí olùkọ́ tí ó lè fi pàṣán rí gbà hàn wá. Dandan a máa mú ara ọmọ wá. Ìfẹ́ ni ó ń mú ọkàn rẹ̀ tẹ̀lé e.

Àtakò kejì ni ó wúwo jù, a kò sì ní fi ẹnu fẹ́rẹ́ kọjá lára rẹ̀. Àwọn kan wí pé àfínnúfíndọ̀ṣe yìí, orúkọ lásán ni. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso eré ilé-ẹ̀kọ́ kò gbà kí olùkọ́ fi dandan pe ọmọ sí ìdánrawò ní ìgbà tí kì í ṣe ìgbà ìdíje. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti pa òfin mọ́ ní ẹnu kí a sì rú u ní ojú. Olùkọ́ kò ní wí pé, “Ẹ gbọdọ̀ wá.” Yóò kàn wí pé, “Àwọn tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ wa ni mo rí níhìn-ín lánàá.” Kò ní kọ orúkọ ẹni tí kò wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n yóò rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá ń yan àwọn tí yóò wọ ọkọ̀. Àwọn òbí pẹ̀lú a máa dá kún un. Láti ọdún 1997 ni ẹgbẹ́ NCAA, tí ń ṣàkóso eré àwọn Yunifásítì, ti ń ṣe ìdíje àṣekágbá ọkọ̀ wíwà fún àwọn obìnrin, àwọn Yunifásítì kan sì ń fi ẹ̀bùn owó-ẹ̀kọ́ fa àwọn ọmọbìnrin tí ó mọ̀ ọ́n wà. Bí ojú bá ti wà lára ẹ̀bùn báyìí, ta ni yóò gbà pé ìfẹ́ inú ọmọ nìkan ni ó mú un wá?

Ta ni ó sì ń jìyà rẹ̀? Ọmọ tí ó ń ta ọjà ní ìrọ̀lẹ́ kí owó ilé lè pé. Ọmọ tí ó ń lọ mú àbúrò rẹ̀ wálé nítorí pé ìyá wọn kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ tí ọkọ̀ èrò tí ó kẹ́yìn yóò lọ kí ẹ̀kọ́ tó parí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ wá. Àyè ni kò sí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Olùkọ́ tí ó bá pe irú ọmọ báyìí ní ẹni tí kò ní ìtara kò wo ilé rárá, ó sì ti tún ògiri 1879 mọ padà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, láìkọ òfin kankan.

Síbẹ̀, a kò gbà pé kí a tìtorí èyí ti ilẹ̀kùn. Bí a bá tì í, ọmọ olówó yóò san owó fún olùkọ́ àdáni ní ẹgbẹ́ ọkọ̀ wíwà ti ìlú, ọmọ tálákà nìkan ni yóò sì wà níta. Ohun tí a ní kí a ṣe ni kí a mú kí orúkọ náà jẹ́ òótọ́. Èkínní, kí a má ṣe fi iye ìgbà tí ọmọ wá yan ẹnikẹ́ni sínú ọkọ̀. Èkejì, kí ẹ̀kọ́ náà wà ní àkókò tí ó ju ẹyọ kan lọ, bí ti òwúrọ̀ Sátidé àti ti ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ẹni tí ó pàdánù ọ̀kan lè rí èkejì. Ẹ̀kẹta, kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí a má sì béèrè aṣọ pàtàkì kan lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ìgbà ìdíje bá dé, kí a tún kọ́ àwọn tí kò lè wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ni ó ní ọkọ̀ ti àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kò sí ìdí tí olùkọ́ yóò fi wí pé kò sí ibi tí òun yóò fi wọ́n sí. A mọ̀ pé ẹni tí ó wá yóò mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tí kò wá lọ. Kò sí ẹni tí ó lè mú ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí ọmọ wà lẹ́yìn nítorí pé kò tíì kọ́ ọ, àti kí ó wà lẹ́yìn nítorí pé a ti ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ohun kan ṣì kù tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni, èyí sì ni ààbò. Omi ìgbà òtútù kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ eré. Ẹni tí ó bá ṣubú sínú rẹ̀ lójijì yóò mí gùlegùle, ó sì lè fa omi símú kí ó tó rántí pé òun mọ odò wẹ̀. Láìpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò kú tipiri. Nítorí náà, kí ọmọ kọ́ odò wíwẹ̀ kí ó tó kọ́ àjẹ̀. Kí olùkọ́ máa bá wọn lọ nínú ọkọ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ̀wù amúniléfòó sì wà níbẹ̀. Bí odò bá sì tutù jù, kí a jókòó sínú ilé. Ẹ̀kọ́ lè jẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe. Ìṣọ́ra kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí a bọ̀wọ̀ fún, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bóyá ẹnì kan nínú yín ń béèrè ohun tí ó kàn wá nínú ọkọ̀ àwọn ará Philadelphia. Ó kàn wá púpọ̀. Láìpẹ́ a ó tú wa ká sí ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri, a ó sì fi ẹgbẹ́ akọrin, ọgbà, bọ́ọ̀lù tàbí ìwé kíkà ìrọ̀lẹ́ lé wa lọ́wọ́. Olúkúlùkù wa ni yóò ní ohun kan tí yóò pè ní “ẹni tí ó bá fẹ́ ni kí ó wá.” Ní ọjọ́ náà, kí a bi ara wa léèrè ohun mẹ́ta. Ṣé ìgbà tí òkun dákẹ́ ni mo pe ọmọ yìí, àbí ìgbà tí ó ń hó? Ṣé ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan yìí wà rárá gbọ́ ìpè mi? Bí ó bá sì dá mi lóhùn pé, “Ó tì, Tíṣà,” ṣé ojú kan náà ni mo ó fi wò ó lọ́la?

Olùkọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta yìí pẹ̀lú ọkàn mímọ́ ni ó ní ẹ̀tọ́ láti lo ọ̀rọ̀ náà, àfínnúfíndọ̀ṣe. Ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, kí ó kúkú sọ pé dandan ni, kí ọmọ lè mọ ibi tí òun dúró sí.